Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Kòkòrò Àrùn Ń Pàrokò Ránṣẹ́ Sí Ara Wọn

Ní ọdún 1970, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tí kò jọ pé wọ́n bá ara wọn tan. Èkíní ni pé àrùn onígbáméjì wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ọdún 1961 ló ti gbéra ní erékùṣù Sulawesi ní Indonéṣíà, ó la ilẹ̀ Éṣíà kọjá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ó sì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Èkejì ni pé ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí orúkọ wọn ń jẹ́ Kenneth Nealson, Terry Platt àti J. Woodland Hastings gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa kòkòrò inú òkun tó ń tàn bí iná. Ọ̀rọ̀ onígbáméjì kọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó gba ọdún 32 kí ọ̀rọ̀ méjèèjì tó pàdé, bí wọ́n sì ṣe pàdé ni mo fẹ́ sọ.

Bakitéríà ni mo ń pè ní kòkòrò nínú àròkọ yìí, kì í ṣe eṣinṣin tàbí aáyán. Ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí ni, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sì ni gbogbo ara rẹ̀. Kò ní ọpọlọ, kò ní etí, kò ní ẹnu. Gbogbo iṣẹ́ tí a máa ń kọ́ nípa rẹ̀ ní kíláàsì ni pé ó ń jẹun, ó sì ń pín sí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe rò fún ìgbà pípẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ iṣẹ́ náà ló sì fà á. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló fi han ayé bí a ṣe ń ya irú kòkòrò kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí a gbìn ín sórí oúnjẹ rẹ̀, kí a sì wá wò ó bóyá òun ló ń fa àrùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mú kòkòrò ikọ́ ife ní 1882. Ní 1883 ó lọ sí Íjíbítì, ó kọjá sí Calcutta ní Íńdíà, ó sì kéde ní 1884 pé ọwọ́ òun ti tẹ kòkòrò tó ń fa onígbáméjì, èyí tó tẹ̀ kọrọdọ bí àmì kọ́mà. Filippo Pacini, ará Ítálì, ti rí kòkòrò kan náà láti 1854, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò kà á sí. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ Pacini sọ́kàn, nítorí irú rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ohun tí ọ̀nà Koch kò fi hàn ni ohun tí kòkòrò ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pọ̀. Lójú àwọn tó tẹ̀lé e, mílíọ̀nù kan kòkòrò kò ju ẹyọ kan tí a sọ di púpọ̀ lọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo òkìtì yanrìn. Òkìtì yanrìn kì í ṣèpàdé.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí nínú ìtàn yìí tó fura gidi ni Alexander Tomasz, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè yé wa, a ní láti padà sí 1928. Ní ọdún náà, Frederick Griffith ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù mú kòkòrò òtútù àyà oríṣi méjì. Ọ̀kan ní aṣọ lára, ó sì ń pa eku. Èkejì kò ní aṣọ, kì í sì í pa á. Griffith fi iná pa èyí tó léwu, ó pò ó mọ́ èyí tí kò léwu tó wà láàyè, ó sì gún eku ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Eku kú. Òkú kòkòrò ti fún alààyè ní aṣọ rẹ̀. Ní 1944, Oswald Avery, Colin MacLeod àti Maclyn McCarty ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York fi hàn pé DNA ni ohun tí òkú fi sílẹ̀ tí alààyè gbà. Ibẹ̀ ni ìtàn náà máa ń parí sí nínú ìwé ìdánwò wa. A kọ DNA, a gba máàkì, a sì kọjá lọ.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni kòkòrò òtútù àyà ń gba DNA wọlé. Àkókò kúkúrú kan wà tí gbogbo wọn yóò ṣetán lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Ta ló sọ fún wọn pé àkókò ti tó? Tomasz, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì tó ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller kan náà, rí i pé ó dìgbà tí wọ́n bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí. Ó mú omi tí àwọn tó ti ṣetán wà nínú rẹ̀, ó sẹ́ kòkòrò kúrò pátápátá, ó da omi náà sórí àwọn tí kò tíì ṣetán, àwọn náà sì ṣetán. Ní 1965 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature pé kòkòrò yìí ń tú ohun kan jáde tó ń ṣiṣẹ́ bí hòmóònù.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Hòmóònù ni ohun tí ẹ̀yà ara kan fi ń ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara mìíràn nínú ènìyàn tàbí ẹranko; òun ló ń jẹ́ kí àyà wa máa lù kì-kì-kì nígbà tí ajá bá lé wa. Láti sọ pé ẹ̀dá tí kò ju sẹ́ẹ̀lì kan lọ ní irú rẹ̀, àfi kí ènìyàn gbà pé agbo kòkòrò lè ṣe bí ara kan ṣoṣo. Ọdún 30 kọjá kí wọ́n tó mọ ohun tí Tomasz rí gan-an: ní 1995 ni wọ́n yọ ọ́ jáde, okùn kúkúrú kan tí a so pọ̀ láti ara amino acid 17. Nígbà náà, àwọn ẹlòmíràn ti gba ojú ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà.

Ìmọ́lẹ̀ ni ojú ọ̀nà náà. Orúkọ kòkòrò tí àwọn Nealson ń yẹ̀ wò ni Vibrio fischeri. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò oúnjẹ olómi tuntun, kòkòrò á máa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò ní bá a pọ̀. Fún wákàtí mélòó kan, kò sí ohun tó yí padà. Nígbà tí iye wọn bá wá dé ibì kan, ìmọ́lẹ̀ á bú jáde, á sì máa fi ìlọ́po-ìlọ́po ga ju bí kòkòrò fúnra wọn ṣe ń pọ̀ lọ. Àwọn kan ti ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1968: wọ́n ní ohun kan wà nínú oúnjẹ náà tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, àti pé ó dìgbà tí kòkòrò bá mú un kúrò kí wọ́n tó lè tàn. Àwọn ará Harvard ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé kòkòrò fúnra wọn ló ń tú nǹkan sínú omi. Wọ́n mú omi tí kòkòrò púpọ̀ ti gbé inú rẹ̀, wọ́n fi àwọn tuntun díẹ̀ sí i, àwọn tuntun náà sì tàn ṣáájú àkókò wọn.

Ẹni tó bá ń ronú jinlẹ̀ á rí i pé àyẹ̀wò yìí nìkan kò tó láti pa ẹnu àwọn ti 1968 mọ́, nítorí omi àtijọ́ lè jẹ́ omi tí wọ́n ti mú adíni kúrò nínú rẹ̀. Ní 1972, Anatol Eberhard fi hàn pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì: adíni wà nínú oúnjẹ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò tún ń tú ohun tó ń mú wọn tàn jáde. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìwé kì í dúró níbẹ̀.

Kí ni kòkòrò ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe? Ẹ̀dá kan wà nínú òkun Hawaii tí wọ́n ń pè ní squid. Ara rẹ̀ rọ̀, ó ní ọwọ́ púpọ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká, irú ti Hawaii yìí sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní àpò kan lábẹ́ ikùn tí Vibrio fischeri ń gbé, ó ń bọ́ wọn níbẹ̀, àwọn náà sì ń tàn fún un lóru kí òjìji rẹ̀ má baà hàn sí ẹja tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí òṣùpá bá yọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, ó máa ń tu nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn dànù sínú òkun. Àwọn díẹ̀ tó kù kò tàn. Wọ́n á máa pọ̀ sí i jálẹ̀ ọ̀sán, nígbà tí alẹ́ bá fi lẹ́, wọ́n á ti tó. Nínú òkun gbalasa, níbi tí wọ́n ti wà káàkiri ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títàn kò lè ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ìmọ́lẹ̀ ẹyọ kan kò tó nǹkan, agbára tó sì ń gbà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó bá ohun tí wọ́n ń tú jáde mu jù lọ ní èdè wa ni àrokò. Kí ìwé kíkọ tó dé, ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí ẹ̀fà ni wọ́n jẹ́. Ẹnu kò sọ̀rọ̀, ohun tí a fi ọwọ́ mú ló sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì mọ àrokò náà nìkan ni yóò yé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti kòkòrò. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń tú àrokò tirẹ̀ sínú omi nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá kéré, omi á gbé e lọ, kò ní dé ibì kankan. Bí wọ́n bá pọ̀ lójú kan, àrokò á kún àyíká wọn, á padà wọ inú wọn, á so mọ́ ohun kan níbẹ̀ tó ń dúró dè é, ìyẹn á sì tan àwọn jíìnì ìmọ́lẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí yóò tàn ni èyí tó ń ṣe àrokò fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Àrokò náà wà lọ́wọ́ wọn ní 1981, nígbà tí Eberhard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ bí a ṣe tò ó. Ní 1983, JoAnne Engebrecht, Nealson àti Michael Silverman gbé àwọn jíìnì ìmọ́lẹ̀ náà kúrò nínú kòkòrò òkun lọ sínú E. coli, kòkòrò inú ìfun tí kò tàn rí láyé rẹ̀. Ó tàn, ó sì dúró kí wọ́n pọ̀ tó kó tó tàn.

Síbẹ̀, ìtàn ẹja àti òkun ni gbogbo rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tó gbé e wọ ilé ìwòsàn ni kòkòrò Pseudomonas aeruginosa. Inú ilẹ̀ àti omi ló ń gbé, kì í sì í sábà yọ ẹni tí ara rẹ̀ le lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó ènìyàn, tàbí bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀, á wọlé, á sì ṣòro láti lé jáde. Ó ní omi kan tó ń tú jáde tó ń jẹ ẹran ara. Ní 1991, Michael Gambello àti Barbara Iglewski ní Yunifásítì Rochester ń wá jíìnì tó ń darí omi náà. Nígbà tí wọ́n rí i, ó jọ jíìnì tó ń gba àrokò nínú Vibrio fischeri bí ọmọ ìyá. Ní 1993 wọ́n rí èyí tó ń ṣe àrokò náà pẹ̀lú. Bí kòkòrò òkun ṣe ń dúró kí wọ́n pé kí wọ́n tó tan iná, bẹ́ẹ̀ ni ti ojú ọgbẹ́ ń dúró kí wọ́n pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí ogún kòkòrò bá tú májèlé jáde lójú ọgbẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan ju pé kí ó ta àwọn ọmọ ogun ara lólobó lọ. Bí wọ́n bá pa ẹnu mọ́ títí wọ́n fi di ọ̀kẹ́ àìmọye, ogun á ti bẹ́ kí ara tó mọ̀. Ní 1999, àwọn olùwádìí mú èyí tí wọ́n ti ba jíìnì àrokò rẹ̀ jẹ́, wọ́n fi sí ojú iná lára eku, ó sì pa eku tó kéré gan-an sí èyí tí jíìnì rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ ní orúkọ kan pàtó títí di 1994, nígbà tí Clay Fuqua, Stephen Winans àti Peter Greenberg pè é ní quorum sensing. Ẹni tó bá ti jókòó ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ rí mọ kọ́rọ́ọ̀mù dáadáa: alága á wo yàrá, akọ̀wé á ka orí, wọ́n á ní a kò tíì pé, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí i. Orúkọ náà dùn, ó sì ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, nítorí ohun tó ní orúkọ rọrùn láti wá. Ṣùgbọ́n n kò fi gbogbo ara gbà á. Kòkòrò kò ní alága, wọn kì í dìbò, kò sì sí ẹni tó ń ka orí níbẹ̀. Iye àrokò tó wà nínú omi ni wọ́n mọ̀. Bí a bá da àrokò náà sórí ẹyọ kòkòrò mẹ́wàá, wọ́n á ṣe bí ẹni pé wọ́n pé.

Ibi tí onígbáméjì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí la dé báyìí, Bonnie Bassler ló sì ṣíwájú níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Silverman ní California lórí kòkòrò òkun mìíràn tó ń tàn, Vibrio harveyi, ó sì rí i pé àrokò rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan jọ pé ti ìdílé rẹ̀ nìkan ni. Èkejì, tí wọ́n sọ ní AI-2, ọ̀pọ̀ kòkòrò tí kò bá a tan rárá ló ń ṣe é. Nígbà tí ó ti di olùkọ́ ní Princeton, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2002 pé èròjà boron wà nínú AI-2, ohun tí ẹni kankan kò retí.

Vibrio ni orúkọ ìdílé kòkòrò onígbáméjì náà, Vibrio cholerae. Nítorí náà ó rọrùn láti rò pé bí ti ojú ọgbẹ́ ni yóò ṣe máa ṣe: kó dúró, kó pé, kó wá tú májèlé. Ní 2002, ilé iṣẹ́ Bassler ní Princeton àti ti John Mekalanos ní Harvard gbé àbájáde wọn jáde. Òdìkejì ni wọ́n rí. Nígbà tí kòkòrò onígbáméjì bá kéré ni ó ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun, tó sì ń tú májèlé. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tí àrokò kún, májèlé á dáwọ́ dúró, wọ́n á sì tú ohun kan jáde tó ń gé ìdè tí wọ́n fi so mọ́ ìfun. Àrokò ti onígbáméjì kò sọ pé ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ pé ó ti tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ní àsìkò òjò kan, onígbáméjì wọ àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ènìyàn mẹ́ta sì dùbúlẹ̀ nínú ilé wa. Àbúrò ìyá mi ló le jù nínú wọn. Ní wákàtí mẹ́fà péré, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì ń dúró sókè bí a bá fà á. Iṣẹ́ tèmi ni omi iyọ̀ àti ṣúgà: omi tí a ti sè lítà kan, ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí iyọ̀, kó má lé, kó má dín. Mo ń pò ó, ìyá mi ń fi ṣíbí fún un mu títí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti fa omi sí i lára. Ara rẹ̀ yá. Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ kò jọ ìgbẹ́ mọ́, ó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sì ń kún lẹ́yìn òmíràn. Àwọn àgbà ní ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní onígbáméjì nìyẹn, igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Nígbà tí mo wá ka ohun tí wọ́n rí ní 2002, bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo rántí. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ń lé àrùn jáde nìkan. Àrùn náà ti ṣetán láti jáde, ó fẹ́ padà sínú omi, inú kànga ẹlòmíràn ló sì ń lọ.

Ohun kejì tí n kò gbàgbé ni pé ìyá àgbà wa mu nínú omi kànga kan náà, ife kan náà, ọjọ́ kan náà. Kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n ní orí àwọn ló gba àwọn. N kò jiyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àdúgbò wa nìkan. Ní 2021, ó lé ní 100,000 ènìyàn tí wọ́n fura pé onígbáméjì mú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 3,500 tó kú. Ẹ̀rí ti wà láti ọjọ́ tí John Snow ti jẹ́ kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi ojú pópó Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1854, pé omi ẹlẹ́gbin ló ń gbé e kiri. Ẹni tó ní omi tó mọ́ kò nílò àrokò kankan. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn tí a fi ń pa kòkòrò ń di aláìlágbára níkọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí a bá pa kòkòrò 1,000, tí ẹyọ kan sì yè é, àwọn ọmọ ẹni tó yè ni yóò gba ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wá ọ̀nà láti da àrokò kòkòrò rú dípò kí wọ́n pa á.

Ewé òkun ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn. Ní etíkun Ọsirélíà, ewé òkun pupa kan wà tó ń jẹ́ Delisea pulchra, tí kòkòrò kì í sábà bò mọ́lẹ̀ bí ó ṣe ń bo àwọn yòókù. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí rí i pé ewé náà ń tú ohun kan jáde tó jọ àrokò, tó sì ń dí ojú ọ̀nà mọ́ àrokò gidi. Ohun náà le jù fún ara ènìyàn, kò sì di oògùn. Ṣùgbọ́n èrò náà tàn kálẹ̀: pa kòkòrò lẹ́nu mọ́.

Èyí dára fún ti ojú ọgbẹ́. Fún onígbáméjì, ó léwu. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́, kò ní gbọ́ pé ó ti tó, á sì máa tú májèlé lọ. Ohun tí onígbáméjì nílò ni kí a bá a pariwo, kí àwọn díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rò pé wọ́n ti pé, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Sáyẹ́ǹsì kan náà, ìtọ́jú tó kọ ẹ̀yìn síra. Mo rò pé ibí yìí ni àǹfààní kíkọ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì wà. Ẹni tó bá mọ ìparí rẹ̀ nìkan, pé kòkòrò ń pàrokò, lè fún aláìsàn ní oògùn tí kò yẹ ẹ́.

Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Ní 2007 ni wọ́n ti mọ àrokò onígbáméjì gan-an, CAI-1. Ní 2010, Faping Duan àti John March ní Yunifásítì Cornell fi jíìnì àrokò náà sínú kòkòrò inú ìfun kan tí kì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá, wọ́n fún àwọn ọmọ eku jẹ ṣáájú, lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní onígbáméjì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló yè, nígbà tí àwọn tí kò jẹ ẹ́ ń kú. Kòkòrò tí wọ́n lò náà ní ìtàn tirẹ̀. E. coli Nissle ni orúkọ rẹ̀, a sì fi orúkọ Alfred Nissle sọ ọ́, dókítà ará Jámánì tó rí i ní 1917 nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn ọmọ ogun ń ṣu, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí kò ṣe. Nissle bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló wà nínú ìfun ọkùnrin yìí tí kò sí nínú ti àwọn yòókù, ó sì gba ìgbẹ́ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ìbéèrè Nissle ni ìbéèrè tí mo ní nípa ìyá àgbà wa. Ní 2014, Ansel Hsiao pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn apá kan rẹ̀ láti Dhaka, olú ìlú Bangladesh, níbi tí onígbáméjì kì í tán. Wọ́n gba ìgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tí onígbáméjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, wọ́n sì wo bí àwọn kòkòrò rere ṣe ń padà sínú ìfun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn padà jọ bí wọ́n ṣe máa ń tò wọ inú ìfun ọmọdé tí ara rẹ̀ le láti ìgbà ìkókó. Ọ̀kan lára wọn, Ruminococcus obeum, ni wọ́n fi sínú ìfun eku pẹ̀lú onígbáméjì, onígbáméjì kò sì rí àyè tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àrokò ló ń tú jáde tó ń dí i lọ́wọ́. AI-2 ni àrokò náà, èyí tí Bassler ti rí lára kòkòrò òkun tó ń tàn.